Wáyà Ilẹ̀ tàbí Wáyà Àsálà? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ọ̀nà Iná Àdálò Ẹ̀rọ Orin Inú Ilé

1. Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí nípa ọmọ ni ó rí nípa ọ̀rọ̀-ìperí: iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, àti ibi tí ó ti ń ṣe é, ni ó yẹ kí a wò kí a tó fún un ní orúkọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ fi iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn oníṣẹ́ iná ń ṣe nínú ilé yẹ ọ̀rọ̀-ìperí iná mànàmáná wò. Iṣẹ́ náà ni fífa ọ̀nà iná tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ orin nìkan láti àpótí fíúsì wá sí yàrá àlejò.

Òǹkàwé lè béèrè pé, ẹ̀rọ orin ha tó ohun tí àwọn onímọ̀ èdè ń jókòó lé lórí bí? Ìdáhùn wa ni pé nínú iṣẹ́ kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì nílò nípa iná ti pàdé ara wọn; ọ̀kan nínú wọn sì wà tí orúkọ tí a fún un lè gba ẹ̀mí là tàbí kí ó pa ènìyàn.

Akitiyan láti fi Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1970 ni Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984, tí apá kejì sì tẹ̀ lé e ní 1990, fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀-ìperí ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ múlẹ̀. Ti iná mànàmáná ṣì kù. Ní Èkìtì tí a ń gbé, àìsí rẹ̀ hàn kedere. Láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Ìkọ̀lé sì ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀gá wọn, ní èdè abínibí, ni àwọn oníṣẹ́ iná tí ó ń fa wáyà sínú ilé wa láti Ìdó títí dé Ìkọ̀lé ti kọ́ iṣẹ́ tiwọn. Ìmọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sí afárá láàárín apá méjèèjì. Ọ̀rọ̀ iná kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní agbègbè yìí: ìwọ́de tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yìí ṣe nítorí àìtó iná ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 mú ẹ̀mí lọ.

2. Ohun tí ó fa àyẹ̀wò yìí

Ní ilé wa ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, a ní ámúpìlífáyà kan àti gbohùngbohùn méjì. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń kọ orin sí i. Ìgbàkígbà tí a bá tan gbogbo wọn pọ̀, àwọn gbohùngbohùn náà a máa kùn bí ìgbà tí oyin bá wà nínú ihò igi. A ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì ṣe ìmẹ́lẹ́. Ó tú èyí, ó so tọ̀hún, lẹ́yìn náà ó ní:

“Ọ̀gá, wáyà ilẹ̀ yìí ló ń fa ariwo. Kò kúkú gbé iná kankan, ilẹ̀ lásán ni. Mo ti gé e kúrò nínú púlọ́ọ̀gì yín.”

Lóòótọ́, kíkùn náà dákẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sanwó, ó lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ wa fọwọ́ kan ara irin ámúpìlífáyà náà, tí ó sì fà á sẹ́yìn kíá. Ó ní ohun kan ń ta òun lọ́wọ́ bí ìjàlọ. A yọ púlọ́ọ̀gì náà lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí a ronú lé ọ̀rọ̀ náà, a rí i pé àṣìṣe náà kì í ṣe ti ọwọ́ rẹ̀. Ti èdè ni. Orúkọ tí ó bá lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ ni “wáyà ilẹ̀”. Orúkọ náà sọ ibi tí wáyà ń lọ fún un, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí wáyà ń ṣe. Kí a tó lè tún orúkọ náà yẹ̀ wò, ó di dandan kí a kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yí i ká sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

3. Iná: ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ púpọ̀

Nínú èdè ojoojúmọ́, “iná” ni ohun tí ó ń jó igi, òun ni ìmọ́lẹ̀, òun náà sì ni ohun tí ó ń bọ̀ láti ara òpó. Àwọn baba wa tí wọ́n fi “mànàmáná” kún un ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n, nítorí pé ohun kan náà ni mànàmáná ojú ọ̀run àti iná inú wáyà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún méjì ọdún tí àwọn onímọ̀ ti fi ìdí èyí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kúrò ní ẹnu ọ̀nà ìmọ̀ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kò tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí gílóòbù bá ń tàn pọ́ńpọ́n bí ìpẹ̀pẹ́ iná, tí ẹ̀rọ amómitutù kò sì lè ṣiṣẹ́, a máa ń sọ pé “áàfù kọ́rẹ̀ǹtì” ni wọ́n mú wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Kọ́rẹ̀ǹtì kọ́ ni ó kéré láti òpó wá. Ipá tí ó ń tì í ni ó rẹlẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí ó dé inú ilé wa jẹ́ fóòtì 230. Nígbà tí ó bá já sí 130, ipá ni ó já.

Ẹni tí ó bá ní àgbá omi lórí òpó yóò tètè lóye èyí. Bí àgbá ti ga tó ni omi yóò ti ní ipá tó nísàlẹ̀: èyí ni a pè ní ipá iná, fóòtì sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí omi tí ó ń gba ẹnu páìpù kọjá ti pọ̀ tó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí ni ìṣàn iná, ámípíà sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí páìpù ti tín-ín-rín tó, tí ó sì ń dí omi lọ́nà, èyí ni ìdènà, óómù sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Georg Simon Ohm, ará Jámánì, ni ó fi hàn ní ọdún 1827 bí mẹ́ta yìí ti so mọ́ ara wọn: bí a bá fi ìdènà pín ipá, ìṣàn ni a óò rí. Bí a bá sì fi ìṣàn sọ ipá di púpọ̀, agbára ni yóò jáde, èyí tí a ń fi wáàtì wọ̀n. Kẹ́tù tí a kọ 2000 wáàtì sí lára, tí a fi sí fóòtì 230, yóò fa ìṣàn ámípíà 8.7.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé “ipá” àti “agbára” fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú èdè ojoojúmọ́. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí ni láti ya ìbejì. Ẹni méjì lè ti ọkọ̀ kan pẹ̀lú ipá, kí ọkọ̀ náà má sì lọ. Kò tíì sí iṣẹ́ tí ó ṣe. Ní ibi tí ipá bá ti pàdé ìṣàn nìkan ni agbára ti ń jáde.

4. Ọ̀nà iná àdálò

Nínú ilé púpọ̀, wáyà kan ṣoṣo ni ó ń kọjá láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn. Lórí rẹ̀ ni a ti ń lọ aṣọ, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ amómitutù wà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ orin. Iṣẹ́ tí a ń ṣàlàyé yìí ni pé kí oníṣẹ́ fa ọ̀nà mìíràn láti àpótí fíúsì, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀ (ámípíà 20 ni ó wọ́pọ̀) àti wáyà tí ojú bàbà rẹ̀ tó mìlímítà onígun mẹ́rin 2.5, kí ọ̀nà náà má sì dúró níbì kankan títí yóò fi dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ orin.

Orúkọ mẹ́ta ni a gbé yẹ̀ wò fún un. Èkíní ni “okùn àyàsọ́tọ̀”. A kò gbà á, nítorí pé etí Yorùbá òde òní ti so “àyàsọ́tọ̀” mọ́ ohun mímọ́ inú ilé ìjọsìn. Èkejì ni “okùn adádúró”. Èyí ń tanni jẹ, nítorí pé ọ̀nà náà kò dá dúró rárá: mítà kan náà, àpótí kan náà àti òpó kan náà ni ó ti ń bọ̀. Ẹni tí ó bá gba orúkọ yìí gbọ́ lè rò pé iná òun yóò dára nígbà tí ti àwọn ará ilé yòókù kò dára. Bẹ́ẹ̀ bí fóòtì 130 bá ni ó wọ ilé, fóòtì 130 náà ni yóò wọ ọ̀nà tuntun. Ẹ̀kẹta, tí a fara mọ́, ni “ọ̀nà iná àdálò”, èyí tí a ṣẹ̀dá láti ara “dá lò”, gẹ́gẹ́ bí “àdágbé” ti wá láti ara “dá gbé”. Òótọ́ ni ó sọ: ẹni kan ni ó ń lò ó.

A yan “ọ̀nà” dípò “okùn” pẹ̀lú ìdí. Okùn jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀nà iná ní wáyà mẹ́ta: láìfù, níútírà, àti ẹ̀kẹta tí a óò padà sọ̀rọ̀ lé lórí. Olùkọ́ tí ó bá ń pè é ní okùn yóò rí i pé àwọn ọmọ rẹ̀ gbàgbé pé iná gbọ́dọ̀ ní àlọ àti àbọ̀.

Kí wá ni àǹfààní rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Wáyà 2.5 tí ó gùn ní mítà 20 ní ìdènà tí ó tó óómù 0.3, bí a bá ka àlọ àti àbọ̀. Bí kẹ́tù bá ń fa ámípíà 8.7 lórí rẹ̀, ipá tí yóò sọnù jẹ́ fóòtì 2.6. Èyí kò tó nǹkan. Ohun tí ó tó nǹkan ni ibi ìsomọ́ tí ó dẹ̀. Bí ìsomọ́ kan bá ní ìdènà óómù 0.5, ìṣàn kẹ́tù yẹn yóò sọ wáàtì 38 di ooru níbẹ̀, nínú ògiri tí ojú kò tó. Ooru yìí tó láti yọ́ rọ́bà. Ọ̀nà tí kò ní ìsomọ́ lágbedeméjì kò ní ewu yìí. Àǹfààní kejì ni pé gbogbo ẹ̀rọ orin yóò pín orísun kan náà, èyí sì ni ó kan ọ̀rọ̀ kíkùn.

5. Kíkùn àti òrùka àsálà

Iná inú ilé wa kì í sàn sí apá kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà ni a fi pè é ní iná àlọ-àbọ̀, láti yà á sọ́tọ̀ sí ti bátìrì, tí í ṣe iná alọ-tààrà. Ohunkóhun tí ó bá mì ní ìgbà 50 tàbí 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí ènìyàn ń gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ohùn ìsàlẹ̀. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: ó ń kùn.

Ní ilé wa, ámípúlífáyà wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kọ̀ǹpútà wà ní òmíràn ní apá kejì yàrá. Olúkúlùkù ní wáyà kẹta tirẹ̀ tí ó lọ sí ilẹ̀. Nígbà tí a wá fi wáyà orin so méjèèjì pọ̀, òrùka ti pé: láti ilẹ̀ dé ámúpìlífáyà, láti ibẹ̀ gba wáyà orin dé kọ̀ǹpútà, láti kọ̀ǹpútà padà sí ilẹ̀. Ìṣàn kékeré ń yí nínú òrùka yìí. Níwọ̀n bí ó ti ń gba wáyà orin kọjá, ámúpìlífáyà kà á sí orin, ó sì gbé e ga.

Oníṣẹ́ wa rí i pé òrùka ni ó yẹ kí òun já. Èrò rẹ̀ tọ̀nà. Ibi tí ó ti já a ni kò tọ́. Ọ̀nà iná àdálò ń yanjú rẹ̀ láìgé ohunkóhun: bí ámúpìlífáyà àti kọ̀ǹpútà bá wà lórí ọ̀nà kan náà, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, òrùka náà yóò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣàn inú rẹ̀ kò fi ní tó ohun tí etí ń gbọ́. Bí kíkùn bá ṣẹ́kù síbẹ̀, a lè fi tiransifọ́mà kékeré sí ojú wáyà orin, nítorí pé wáyà orin ni a lè já láìsí ewu.

6. Orúkọ wáyà kẹta

Kí ni wáyà kẹta ń ṣe? Ní ọjọ́ gbogbo, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan. Òótọ́ ni oníṣẹ́ wa sọ nígbà tí ó ní kò gbé iná. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí láìfù bá bó nínú ẹ̀rọ, tí ó sì fara kan irin òde, wáyà yìí ni iná tí ó ṣáko lọ náà yóò gbà sá, tí kò fi ní gba ara ènìyàn kọjá. Kódà nígbà tí nǹkan kan kò bàjẹ́, ohun àlẹ̀mọ́ tí ó ń dá ariwo dúró nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ a máa jẹ́ kí ìṣàn kín-ún jò sí ara irin. Òun ni ó ta ọmọ wa lọ́wọ́. Bí wáyà bá wà níbẹ̀, ìṣàn náà a bá ibẹ̀ lọ. Bí a bá ti gé e, ọwọ́ ẹni tí ó bá kàn án ni ọ̀nà tí ó kù.

Àwọn tí ó ṣe púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò mọ èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1947, ni wọ́n fi òfin rẹ̀ lélẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè gùn ju méjì ìsàlẹ̀ lọ, kí ó lè kọ́kọ́ wọlé, kí ó sì kẹ́yìn jáde. Òun náà ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tí ó bo ojú ihò méjì yòókù. Gbogbo wa ni a sì ti rí ẹni tí ó ń ki ọ̀pá báírò bọ ihò òkè yìí kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ohun kan kò lè bọ̀wọ̀ fún un.

Nítorí náà ni a fi dá “wáyà àsálà” lábàá. Yorùbá máa ń sọ pé ènìyàn sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, iná ní ibi tí yóò sá gbà, ènìyàn pẹ̀lú sì yè. A gbé “wáyà adáàbòbò” náà yẹ̀ wò. Kò burú, ṣùgbọ́n fíúsì ń dáàbò boni, bíréékà ń dáàbò boni, rọ́bà ara wáyà náà ń dáàbò boni. Orúkọ náà kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Àǹfààní mìíràn wà fún wa ní Èkìtì. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi “i” bẹ̀rẹ̀ ni a máa ń fi “u” bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè wa, bí “ulé” àti “uná”. “Àsálà” kò ní wàhálà yìí.

Ẹnìkan lè ní, èé ṣe tí a kò fi yí láìfù àti níútírà padà pẹ̀lú? Ìlànà wa ni pé ohun tí a ń rà lọ́jà, ọjà ti sọ ọ́ lórúkọ. Kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò tí a kò lè fọwọ́ kàn, bí ipá àti ìṣàn, ni kí a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún. Orúkọ kì í tètè kúrò lẹ́nu: láti 2005 ni NẸ́PÀ tí a dá sílẹ̀ ní 1972 ti di ohun àná, síbẹ̀ òun ni àwọn ọmọdé ṣì ń kígbe nígbà tí iná bá dé. Ìgbà tí orúkọ ọjà bá ń fa ewu nìkan ni ó yẹ kí a bá a jà. “Wáyà ilẹ̀” jẹ́ irú rẹ̀.

“Ilẹ̀” kò ní jáde pátápátá. Ọ̀pá bàbà tí a ń gbá wọ inú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé yóò máa jẹ́ ọ̀pá ilẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ni ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kìlọ̀ pé ọ̀pá ilẹ̀ nìkan kò tó. Bí ìdènà ọ̀pá kan bá jẹ́ óómù 20, tí fóòtì 230 sì kọlù ú, ìṣàn yóò jẹ́ ámípíà 11.5. Bíréékà ámípíà 20 kò ní já. Irin ẹ̀rọ náà yóò sì máa dúró de ọwọ́ ènìyàn. Nítorí èyí ni a fi ń fi bíréékà aṣọ́-ìjò kún un, èyí tí ó ń já nígbà tí ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ámípíà péré bá jò gba ibi tí kò yẹ. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a gbá ọ̀pá ilẹ̀ ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ orin. Wáyà àsálà ọ̀nà àdálò gbọ́dọ̀ lọ sí ojú ibi tí ti gbogbo ilé ti pàdé nínú àpótí.

7. Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá

Ipá iná: ohun tí ó ń ti iná lọ nínú wáyà, fóòtì ni òṣùwọ̀n rẹ̀.
Ìṣàn iná: bí iná tí ó ń kọjá ti pọ̀ tó, ámípíà ni òṣùwọ̀n rẹ̀.
Ìdènà: bí ohun kan ti ń dí ìṣàn lọ́wọ́ tó, óómù ni òṣùwọ̀n rẹ̀.
Agbára iná: ohun tí ipá àti ìṣàn jọ bí; wáàtì ni òṣùwọ̀n rẹ̀.
Iná àlọ-àbọ̀: iná tí ó ń yí ojú padà léraléra.
Iná alọ-tààrà: iná tí ó ń sàn sí apá kan ṣoṣo.
Ọ̀nà iná àdálò: ọ̀nà tí ó ní bíréékà tirẹ̀, tí ohun èlò ìlò kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀.
Wáyà àsálà: wáyà tí iná tí ó ṣáko ń gbà sá lọ sí ilẹ̀.
Òrùka àsálà: àyíká tí wáyà àsálà méjì àti wáyà orin jọ ṣe.
Bíréékà aṣọ́-ìjò: bíréékà tí ó ń já nígbà tí iná bá jò.

8. Ìkádìí

A pe oníṣẹ́ wa padà. Ó fa ọ̀nà àdálò fún wa, ó tún wáyà tí ó gé so, kíkùn náà sì lọ sílẹ̀ dé ibi tí a kò fi gbọ́ ọ mọ́ láti orí àga. Nígbà tí a ṣàlàyé orúkọ tuntun náà fún un, ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: “Ọ̀gá, ó ku ilé mẹ́ta tí mo gbọ́dọ̀ padà sí.”

A kò rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú àkójọ yìí ni yóò dúró. Kí àwọn olùkọ́ dán wọn wò nínú kíláàsì, kí àwọn atúmọ̀ èdè lò wọ́n, kí wọ́n sì sọ èyí tí ahọ́n kọ̀ fún wa. Èyí tí a bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe fi falẹ̀ ni orúkọ wáyà kẹta, nítorí àwọn tí ó ń gé e kò tíì dáwọ́ dúró.